Ehoro àti Ọmọ Aláriwo

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń lọ wọ́ọ́rọ́, ó yà sílé Ehoro, níbi tí ọmọ jòjòló kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní ohùn. Ebi ò pa á, ara rẹ̀ ò gbóná, síbẹ̀ igbe ló ń ké láti àárọ̀ títí di alẹ́. Òkété aládùúgbò wọn bínú: "Ìyá yìí ń já ọmọ léèékánná ni!"

Ológìnní nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. "Ohùn ẹ̀ mà dùn o! Ẹ gbé e wá, kí n bá yín pọ̀n ọ́n."

Ehoro fura. Ẹ̀yin ọmọ, ta ni ariwo ọmọ ọlọ́mọ ń dùn mọ́ nínú? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko wà nílẹ̀. Ó gbé ọmọ fún un, ó sì ń dá orin bó ti ń kọ ebè. Ẹ̀yin ni ọmọ, ẹ gbè é:

Ọmọ mi, o wà ńbẹ̀?
Yéè!

Ó kọ ebè kan.

Ọmọ mi, o wà ńbẹ̀?
Yéè!

Ó kọ èkejì.

Ọmọ mi, o wà ńbẹ̀?

Ẹ dákẹ́! Ẹ má gbè é.

"Ó ti sùn," ni Ológìnní wí láti inú igbó. Ehoro ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré débẹ̀, ó bá a níbi tó ti fi ọwọ́ dí ọmọ lẹ́nu. Ó ta á nípàá, ó gba ọmọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí Òkété bá ráhùn, Ehoro a ní, "Ariwo yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì lọ́mọ."

Ó yá, ẹ gbè é kó dé ilé Òkété:

Ọmọ mi, o wà ńbẹ̀?
Yéè!