Bí Kòlẹ́sẹ̀ Ṣe Kọ̀ Tí Kò Tẹ Ẹrẹ̀ Ọba Alákàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun alẹ́ ni? Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Èmi Àwẹ̀ró ìyá yín, n kì í pàlọ́ fún ẹni tó ń tòògbé. Ìbídùn, sún kúrò lára ògiri, torí ìwọ ni àlọ́ yìí bá wí lónìí. Ìwọ lo ti ilé ìwé dé tí o ní o ò mu omi àmù mi mọ́.

"Ìyá, tíṣà wa ní awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó kán omi odò sábẹ́ rẹ̀, a sì rí àwọn nǹkan kan tó ń rìn kiri nínú ẹ̀kán omi náà. Òmíràn ò lẹ́sẹ̀, kò lẹ́nu."

Mo gbọ́. Mo ti se omi mi kí n tó dà á sínú àmù, nítorí náà má yọ ṣùtì sí i mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí o rí yẹn, mo mọ̀ wọ́n. Àwọn lọ̀rọ̀ kàn.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì jọ ń pọn omi níbì kan náà, adágún omi kan wà lẹ́yìn oko, lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Alákàn lọba ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, èékánná ńlá méjì tún wà níwájú. Láyé ìgbà yẹn, iwájú gan-an ni Alákàn ń rìn sí, bíi tèmi bíi tìrẹ. Bó bá ń lọ, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

"Ìyá, ṣé alákàn kì í rìn síwájú ni?" Dúródọlá ló bèèrè.

O ò tíì rí alákàn rí? Jókòó jẹ́ẹ́.

Àwọn kan wà nínú omi náà tí ojú èmi àti ìwọ kò lè rí. Alákàn tó gbé ojú sórí ọ̀pá nìkan ló ń rí wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Onírun. Irun wẹ́wẹ́ ló bo gbogbo ara rẹ̀, irun yẹn ló fi ń wa ara rẹ̀ lọ bí apẹja ṣe ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Òun náà ló fi ń gbá oúnjẹ sínú ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Oníkòbókò. Ìrù kan ṣoṣo ló ní, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi kòbókò, ó ń jù ú fìrìfìrì, ìyẹn ló ń fà á lọ. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bí oòrùn bá là, á kàn nara síbẹ̀ ni, ó ti yó.

Ẹ̀kẹta ni Kòlẹ́sẹ̀. Kòlẹ́sẹ̀ ò lẹ́sẹ̀, kò lápá, kò lẹ́nu. Ara rẹ̀ rí bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Bó bá fẹ́ rìn, á ti apá kan ara rẹ̀ síwájú, ìyẹn á di ẹsẹ̀. Ara yòókù á ṣàn tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ á sì parẹ́. Á tún ti òmíràn.

"Báwo ló ṣe ń jẹun láìlẹ́nu?"

Bó bá bá ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ pàdé nínú omi, á yí i ká lọ́tùn-ún, á yí i ká lósì, títí ara rẹ̀ á fi pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ ti wọnú nìyẹn. Ibi tí oúnjẹ bá ti kàn án, ibẹ̀ lẹnu wà. Kò sì bímọ bíi tiwa: bó bá tóbi tán, á pín ara rẹ̀ sí méjì, ọ̀kan á di méjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dúródọlá, ìwọ tó o lẹ́nu, kí lo ń fi í ṣe ju kó o máa fi tọrọ ẹran lọ?

Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ará omi máa ń kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde kí omi lè jinlẹ̀. Ẹni tó bá wá síbi iṣẹ́ á tẹ ẹsẹ̀ sí ẹrẹ̀ rírọ̀ tó wà létí omi, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó wá. Ẹni tí wọn ò bá rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, àlejò ni, kò nílé níbẹ̀. Òfin Alákàn nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ọ̀pọ̀lọ́ wá, ó tẹ̀ ẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ wá, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹja Àrọ̀ wá, kò lẹ́sẹ̀, ó bá fi ìrù gbá ẹrẹ̀. Alákàn ní, "Ó ti tó. Àna mi ni."

"Ìyá, ojúsàájú nìyẹn."

O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni. Ó wá kan Kòlẹ́sẹ̀. Alákàn ní, "Tìẹ dà?"

Kòlẹ́sẹ̀ ti ẹsẹ̀ kan jáde, ó tẹ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan kan òun.

Alákàn ní, "Ẹsẹ̀ téèyàn ń hù lójú ọ̀nà, tó tún ń gbé e mì, ṣé ẹsẹ̀ nìyẹn? Kúrò nínú omi mi, ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Kòlẹ́sẹ̀ ní, "Kábíyèsí, mi ò lọ. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́jọ yín dé ibí ni mo ti wà níbí."

Inú bí Alákàn. Ó ní kí wọ́n kó ẹrẹ̀ tí Kòlẹ́sẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lọ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí oòrùn ti ń mú jù. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn lọ ni Kòlẹ́sẹ̀ dá orin. Ẹ gbè é dáadáa:

Alákàn lé mi lódò,
— Mi ò lọ.
Ó ní n ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀,
— Mi ò lọ.
Ara mi náà lẹsẹ̀ mi,
— Mi ò lọ.
Ara mi náà lẹnu mi,
— Mi ò lọ.
Bóòrùn fẹ́ kó pa mí,
— Mi ò lọ.

Dúródọlá, ṣé ẹnu rẹ nìyẹn? Ẹni tí wọ́n ń lé nílé rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

— MI Ò LỌ.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn mú. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń sán. Kòlẹ́sẹ̀ ká ara rẹ̀ jọ róbótó, ó mọ ilé líle yí ara rẹ̀ ká, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Onírun ṣe bẹ́ẹ̀. Oníkòbókò ká ìrù rẹ̀, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n sùn síbẹ̀. Wọn ò kú.

Ó wá ku àwọn ẹlẹ́sẹ̀ nínú omi. Èso ọ̀pọ̀tọ́ ń já bọ́, ewé ń já bọ́, gbogbo rẹ̀ ń jẹrà. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ mọ́. Omi di bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ọbẹ̀, ó ń rùn. Pẹ́pẹ́yẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àrọ̀ yọ ẹnu sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ọmọ Alákàn dùbúlẹ̀ sínú ihò, ẹsẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ, kò sí èyí tó ń ta.

Ìyàwó Alákàn ní, "Baálé mi, àwọn ọmọ yìí ń kú lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹ lọ bẹ àwọn tí ẹ lé."

Alákàn fi ewé bu omi díẹ̀, ó gun òkè lọ síbi ẹrẹ̀ gbígbẹ, ó kán an sí i. Ilé líle Kòlẹ́sẹ̀ rọ̀, ó là, Kòlẹ́sẹ̀ jáde sínú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo. Onírun àti Oníkòbókò bá a níbẹ̀. Oòrùn wà lórí wọn gan-an.

Alákàn ní, "Kòlẹ́sẹ̀, mo ti wá rí i pé o wúlò. Máa bọ̀ nílé. Ṣáà fara kan ẹrẹ̀ etí omi lẹ́ẹ̀kan, màá ní mo rí i, kí òfin mi má bàa bàjẹ́."

Kòlẹ́sẹ̀ ní, "Mi ò tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀kán omi yìí ń gbẹ o, ilé líle yín sì ti là. Ẹ ò ní ráyè mọ òmíràn."

"Mo rí i. Mi ò tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rù ń ba Oníkòbókò. Ó ní, "Ìwọ náà, tẹ̀ ẹ́ jàre. Kí ni ẹsẹ̀ kan máa dín lára ẹni tó lè hu òmíràn?"

Kòlẹ́sẹ̀ dá a lóhùn pé, "Bá a bá tẹ ẹsẹ̀ lónìí, wọ́n á ní ká tẹ ìka lọ́la. Níbo la ti fẹ́ rí ìka?" Ó wá sọ fún Alákàn pé, "Kábíyèsí, ẹ ní mo wúlò. Bí mi ò bá wúlò ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé jíjẹ àti sísùn ni tèmi, ṣé ẹ ò tún ní lé mi bí omi bá tòrò tán? Kì í ṣe ìdọ̀tí tí mò ń jẹ ló sọ mí di ọmọ omi yẹn. Ilé mi ni. Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pa mọ́. Ẹ lọ pa gbogbo ipa ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn rẹ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí oòrùn pa wá síbí, kí ẹ padà lọ máa wo àwọn ọmọ yín."

"Ìyá, ṣé ó kú?" Ìbídùn ti fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ní sùúrù. Ẹ̀kán omi náà ti kéré débi pé Onírun ń wa irun, kò ríbi lọ. Kòlẹ́sẹ̀ ò bẹ̀bẹ̀. Alákàn wo oòrùn, ó wo ẹ̀kán omi, ó gbọ́ ẹkún ìyàwó rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní, "Mo gbà."

Ó gbé ẹrẹ̀ náà tòun ti ẹ̀kán omi, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó rọra gbé wọn sínú omi. Lẹ́yìn náà, níṣojú Ọ̀pọ̀lọ́, níṣojú Àrọ̀ àna rẹ̀, ọba fi ikùn wọ́lẹ̀, ó ń pa ipa ẹsẹ̀ rẹ́. Kò lè kọjú sí omi, torí ojú ń tì í. Kò lè kẹ̀yìn sí i, torí àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń rìn sí, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀, títí etí omi fi dán. Nígbà tó máa ṣe tán, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ti mọ ẹ̀gbẹ́, wọn ò mọ iwájú mọ́. Dúródọlá, ìdáhùn rẹ nìyẹn.

Omi tòrò díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ Alákàn ta ẹsẹ̀. Alákàn yọ ojú láti inú ihò, ó rọra ní, "Kòlẹ́sẹ̀, lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé o lè bá mi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀?"

Kòlẹ́sẹ̀ ti jẹun yó nígbà náà, ó ti pín sí méjì. Àwọn méjèèjì jọ dáhùn pé, "Mi ò tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wọn ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá sì lé nílé rẹ̀, kó má ṣe fi ẹ̀bẹ̀ gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá pa irọ́ níbẹ̀, kí ahọ́n mi má lè pe orúkọ ara mi. Àwẹ̀ró. Ẹ gbọ́ ọ, ó pè é.