Tísà Òjéwùmí àti Ìwé Eré Rẹ̀ Mẹ́ta

Ní ìlú Àgbọ̀nlé, ìjọ kan wà tí kì í lu ìlù, tí kì í kọrin, tí kò sì ní oníwàásù. Kwékà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìjọ Kẹ́kẹ́-Pa ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, wọn a jókòó yí ara wọn ká, wọn a dákẹ́ rọ́rọ́ títí Ẹ̀mí yóò fi gbé ẹnì kan dìde láti sọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni kò ní sọ nǹkan kan títí wọn yóò fi bọ ara wọn lọ́wọ́, tí kálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Inú ìjọ yìí ni Tísà Òjéwùmí wà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọdún méje gbáko ló sì fi kọ ìwé eré mẹ́ta nípa àwọn Kwékà àtijọ́. Ọ̀kan dá lórí ọkùnrin tó kọ̀ láti búra níwájú adájọ́, ọ̀kan lórí ọmọ ogun tó ju ìbọn rẹ̀ sódò, ọ̀kan sì lórí obìnrin tó gbé ẹrú kan pamọ́ sínú àgbá ìyẹ̀fun. Àwọn eré náà dùn. Nígbà tó ń ka ti inú àgbá fún ìyàwó rẹ̀, Fẹ́hìntọlá aránṣọ, obìnrin náà gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ oníbàárà.

Kò sí ilé ìtẹ̀wé tó fẹ́ dáwọ́ lé e. Wọ́n ní ta ni yóò wo eré àwọn tí kì í sọ̀rọ̀. Ni Tísà bá ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi owó àjẹmọ́nú ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kún un, ó sì san owó ìtẹ̀wé náà fúnra rẹ̀. Ìwé kún pálọ̀ dé ojú fèrèsé. Àlejò tó bá wá, orí ìwé ni yóò jókòó lé.

Fẹ́hìntọlá ní kó gbé díẹ̀ lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́, kó gbé pátákó síwájú ilé, ó kéré tán kó sọ fún àwọn ará ìjọ. Tísà ní rárá. Ó ní Kwékà kì í fọ́nnu, pé iṣẹ́ rere kì í fara sin, ẹnu ẹlòmíràn ló yẹ kí ìyìn ti wá. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe ni pé ó kó ẹ̀dà mẹ́ta sórí àga nílé ìjọsìn, ó wá ń fojú ṣọ́ ẹni tí yóò mú un. Ooru mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n mú un lóòótọ́, wọ́n fi fẹ́ ara, wọ́n sì dá a padà sáyè rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tuntun, wá bá wọn jọ́sìn. Nígbà tí wọ́n parí, ó dìde, ó ní ilé ẹ̀kọ́ òun ń wá eré tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ ìṣílé, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì ra ìwé rẹ̀. Ó ní ǹjẹ́ wọ́n mọ ẹnikẹ́ni tó kọ irú rẹ̀?

 Tísà wo Ìyá Àríyìíbí, akọ̀wé ìjọ, ẹni tó ti rí orúkọ rẹ̀ lára ìwé tó fi fẹ́ ara, tó sì mọ̀ dájú pé òun ló kọ ọ́. Ìyá Àríyìíbí wolẹ̀. Tísà wúkọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún wúkọ́, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni kò mira. Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá bàbá náà bu omi, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Kò tíì dé oríta tó fi bọ́ sọ́wọ́ Látúnjí onígbàjámọ̀, tó kọ eré olójú-ewé mẹ́jọ kan nípa kìnnìún tó fẹ́ fi ọmọ ọba ṣaya. Látúnjí fi okùn so ìwé náà kọ́rùn, ó ń mi agogo. Kò jẹ́ kí ọ̀gá kọjá títí ó fi gbà.

Lọ́jọ́ ìṣílé, Tísà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó láàárín èrò. Kìnnìún kú lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí Látúnjí ò rántí pé òun ti pa á tẹ́lẹ̀. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ ṣáá. Nígbà tí ọ̀gá wá kí wọn, Fẹ́hìntọlá ò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ó ní, “Ọ̀gá, ọkọ mi náà kọ eré. Mẹ́ta ni. Àlejò ló ń jókòó lé wọn ní pálọ̀ wa.”

Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì kọjú sí Tísà. “Bàbá, níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí mo béèrè?”

“Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń wúkọ́.”

Ọ̀gá ṣí fìlà rẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ara yín ni kò yá. A ti bá Látúnjí ṣe àdéhùn títí di ọdún mẹ́ta. Ó ní kìnnìún náà yóò di bíṣọ́ọ̀bù nínú èyí tó kàn.”

Tísà kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ ìsinmi, kí ìjọsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó bi Ìyá Àríyìíbí léèrè ìdí tó fi dákẹ́.

Ìyá àgbà náà ní, “Tísà, ìwọ tí o kọ ọ́ dákẹ́. Èmi tí n ò kọ ọ́, ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ bá ọ sọ?”

Wọ́n jókòó. Ilé pa rọ́rọ́. Lójijì ni Tísà dìde, ó ṣí ìwé, ó sì ka gbogbo apá kìíní eré inú àgbá láìmí. Ibi tí àwọn ọdẹ ẹrú ti fẹ́ ṣí ìdérí àgbá ló ti pa ìwé dé, tó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìjọ náà sílẹ̀, gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé wọ́n rí i?

Tísà ní, “Ó wà lójú ewé kejìlélógún. Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé.”

Kí oòrùn tó dé àtàrí, ìwé inú àgbá ti tán. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àríyìíbí sọ wá tàn ká Àgbọ̀nlé, àwọn àgbà sì gé e kúrú, wọ́n ń fi kìlọ̀ fún ọmọ wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.