Ẹ̀ga àti Ilé Àwòdì

Àlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é: Àlọ̀! Ìyá Abídèmí ló kọ́kọ́ pa á fún mi.

Òfin igbó ni pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kí alágbàṣe máa relé. Ẹ̀ga ń ṣe alágbàṣe, ó ń hun ilé fún Àwòdì, tó máa ń pè é ní ọmọ òun. Ní ìrọ̀lẹ́ kìn-ín-ní, ó ní: "Baba, ọmọ mi kò tíì jẹun."

Àwòdì dáhùn: "Àlejò ni wọ́n ṣòfin fún. Ṣé ọmọ ń ṣọ́ oòrùn mọ́ baba rẹ̀ lójú ni?"

Ojú ti Ẹ̀ga, ó hun ún lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ó kọrin:

Baba, jẹ́ n relé o,
*Ọmọ ń ké!*

Àwòdì ní kó fi ìloro kún ilé náà, ó sì hun ún. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, Ẹ̀ga kò tọrọ àyè mọ́, ó fò lọ. Ó bá ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́, ẹnu là sílẹ̀, ara ti tutù.

Àwòdì wá kí i: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́. Alágbàṣe yín ni mí."

Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ kalẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá. Ọmọ mẹ́sàn-án ló gbè é.