Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Dá Ara Rẹ̀ Lóhùn

Ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo wa tán ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí, lẹ́nu Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí tó bí ìyá mi. Àwọn kan ń pa á lọ́nà mìíràn. Kí wọ́n máa pa tiwọn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí.

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi ta pàá, ó fò wìì, ó ré kọjá orí Ẹfọ̀n, kò bà á; orí Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ló já lé.

Ní ìlú àwọn ẹranko, òfin kan wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ finá sí oko rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró létí oko, kó kọrin pe àwọn tó wà nítòsí. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á gbè é. Bí ègbè bá ti dún, oníná á dúró títí onítọ̀hún á fi kúrò. Orin náà nìyí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbè é:

Ta ló wà lóko o?
— Dúró dè mí.
Iná fẹ́ jáde o.
— Dúró dè mí.
Ìyá arúgbó ńkọ́ o?
— Dúró dè mí.
Ọmọ ọwọ́ ńkọ́ o?
— Dúró dè mí.

Oko Ọ̀kẹ́rẹ́ àti oko Ìgbín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọyẹ́ bá sì ti dé, Ìgbín àti àwọn ọmọ rẹ̀ á dí ẹnu ìkarahun wọn, wọ́n á sùn fọnfọn sábẹ́ ewé. Kí Ìgbín tó jí, kó tó gbè, kó tó kó ọmọ, kó tó wọ́ tuuru kúrò, oòrùn á ti yí. Ọ̀kẹ́rẹ́ á dúró, ògùṣọ̀ lọ́wọ́, inú á máa bí i.

“Ìyá Ìgbín, ṣé ẹsẹ̀ lẹ ṣì ń wá ni?”

“Mò ń wá a, ọmọ mi. Bí mo bá rí i, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ fi hàn.”

Lọ́dún kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ rìnrìn àjò. Nígbà tó dé, ilé Ẹfọ̀n tó jẹ́ Baálẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

“Baálẹ̀, ẹ ti tàn wá. Ẹ ní òfin yìí ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo dé Òkè Odò, wọn ò kọrin, irin ni wọ́n ń lù. Mo dé Ìsàlẹ̀ Àpáta, ìwo ni wọ́n ń fun. Òfin tí kò dọ́gba nílùú mẹ́ta, ẹnu àwọn àgbà ló ti jáde. Oko mi, oko mi ni.”

Ẹfọ̀n ní, “Nígbà tí wọ́n lu irin tán, kí ni wọ́n ṣe?”

“Wọ́n dúró.”

“Àwọn tó fun ìwo ńkọ́?”

“Àwọn náà dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orin, Baálẹ̀.”

“Ta ni wọ́n ń dúró dè?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. “Mi ò bi wọ́n. Èmi kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.”

“Kò sẹ́ni tó pè ọ́ lẹ́rú, ọmọ mi. Ìbéèrè ni mo bi ọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ògùṣọ̀ lọ sóko. Ó fẹ́ fi òfin ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé orin, ó sì fi ohùn tín-ín-rín gbe ara rẹ̀:

Ta ló wà lóko o?
— Kò sẹ́nìkan.
Ìyá arúgbó ńkọ́ o?
— Kò sẹ́nìkan.

“Mo ti lé e, mo ti gbè é. Òfin ti pé.” Ó ju ògùṣọ̀ sínú koríko.

Iná gbà á wàrà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ fùù, iná fò kọjá ààlà. Ó tún yí padà, ó mú àká iṣu Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi àràbà fìrì. Orí igi ló wà tó fi gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀, ohùn tí kì í yára:

— Dúró dè mí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì igi, iná lé e padà.

— Dúró dè mí.

Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí eérú tutù, Ìgbín wọ́ jáde láti ibi tí ilẹ̀ ti rin létí odò. Ìkarahun rẹ̀ ti dúdú. Òun nìkan ni. Ó wọ́ títí dé ìdí àràbà.

“Ọ̀kẹ́rẹ́, mo gbè é. Ṣé o gbọ́?”

Irọ́ wá sí Ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́nu, kò lè pa á. Ó fi ìrù bo ojú.

“Mo gbọ́, Ìyá.”

Ìgbín yí padà, ó ń lọ. Ìgbà tó gùn ni Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí Ìgbín kì í yára.

Àwọn ará ìlú ní kí wọ́n lé Ọ̀kẹ́rẹ́ jáde. Ẹfọ̀n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ibo ló fẹ́ sá sí tí kò ní bá ara rẹ̀ níbẹ̀?”

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró létí oko, ó lé orin:

Ọmọ ọwọ́ ńkọ́ o?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ọ̀kẹ́rẹ́ sì dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò lè finá sí i.

Ibi tí àlọ́ mi ti wá sinmi nìyí. Bí mo bá parọ́, ọjọ́ tí mo bá lé orin kí ẹ má ṣe gbè é.

Ó kọ́ wa pé ìlú kan lè máa kọrin, kí òmíràn máa lu irin, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń dúró de ẹni tí kò lè sáré. Oko lè jẹ́ tìrẹ nìkan. Iná kò mọ ààlà.

Ohun tó ṣòfò nìyí: àká iṣu Ọ̀kẹ́rẹ́, oko Ìgbín, àti ọmọ Ìgbín mẹ́fà.