Ojú Tí Kò Kúrò Lára Tanímọ̀la

Abẹ́gúndé ayafọ́tò kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Tanímọ̀la kò mọ̀ ọ́n. Ọdúnúgà tó ń fọ́nnu pé òun mọ̀ ọ́n, odò ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀ tí kò ju orúnkún lọ ló ti kọ́ ọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ìjàpá Ọdúnúgà láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ etí òkun lọ láti ya fọ́tò.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ọdúnúgà ni ẹ̀gbọ́n Tanímọ̀la, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń jáde n'Ìjẹ̀bú-Òde, ọwọ́ Abẹ́gúndé ni ìyá wọn dì mú.

"Mi ò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀fẹ̀ ni tiẹ̀. Ìwọ ni mo fa ọmọ mi lé lọ́wọ́. Bó o ṣe mú un lọ ni kó o mú un bọ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ojú mi ò ní kúrò lára ẹ̀."

Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò dára. Bí ọ̀nà ṣe já sí etí òkun báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí da yanrìn lu gíláàsì ọkọ̀ bí ẹni ń fọ́n gaàrí. Níbi àkọ́kọ́ tí wọ́n dúró sí, ó ká gèlè Tanímọ̀la lọ. Níbi kejì, yanrìn kún ojú Abẹ́gúndé, gbogbo ohun tó yà níbẹ̀ ló bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé abúlé apẹja kan tó ń jẹ́ Àgbọn Mẹ́ta, fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú kámẹ́rà, oòrùn sì ti ń rẹlẹ̀. Abẹ́gúndé ò tíì rí èyí tó wù ú. Inú ń bí i, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Àwọn obìnrin mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ létí omi, wọ́n kọ̀yìn sókun, wọ́n ń fọ ẹja. Ìyá àgbà kan nìkan ló dúró, tó kọjú sómi, tí kò ṣe nǹkan kan. Ó gbé okùn gígùn kan kọ́ èjìká, wọ́n so pátákó fífúyẹ́ mọ́ ẹnu okùn náà. Ìyá Oníṣawa ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà," ni Ọdúnúgà wí. "Àbí kí n ní ẹ kú ìsinmi?"

"Iṣẹ́ ni." Ìyá náà ò yíjú. "Èmi ni mo ń ṣọ́ ìgbì lónìí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ kì í fọ ẹja, kì í gbọ́mọ, kì í jẹun. Tó bá ti rí i tí ìgbì ńlá ń bọ̀, á figbe ta, gbogbo wa á sá."

Abẹ́gúndé ò gbọ́ tán. Ó ti mú Tanímọ̀la lọ sí apá ibòmíì, ó ní kó kọ̀yìn sí òkun. Ọdúnúgà na aṣọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà kí yanrìn má wọ̀ ọ́, aṣọ náà sì bo òun alára lójú.

"Ẹ̀yin ọmọ!" Ìyá Oníṣawa ló ń ké. "Ta ló ń bá yín ṣọ́ omi níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Mà!" ni Abẹ́gúndé dáhùn. "Ṣé ẹ ò rí i pé mo kọjú sí i ni?"

"Ihò kékeré ara kámẹ́rà yẹn lo kọjú sí! Ẹ ní sùúrù ká parí ẹja yìí, màá wá dúró tì yín."

"Oòrùn ò ní dúró dè wá, Mà!"

"Oòrùn á tún yọ lọ́la. Ẹ̀yin ni mi ò mọ̀!"

Abẹ́gúndé ti fojú mọ́ kámẹ́rà. "Rẹ́rìn-ín. Sún sẹ́yìn. Díẹ̀ sí i."

"Bùọ̀dá Abẹ́gúndé, omi ti dé kókósẹ̀ mi o."

"Mò ń wò ọ́. Má bẹ̀rù."

Lóòótọ́ ló ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ó rí eyín rẹ̀, ó rí irun rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Ó rí nǹkan dúdú kan tó dìde lẹ́yìn rẹ̀, tó ga ju orí rẹ̀ lọ, ó sì rò ó lọ́kàn pé àwọ̀ náà mà bá a mu o. Ìyá Oníṣawa ń figbe ta, afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sínú igbó.

"Má mira!" ni Abẹ́gúndé wí. Ó tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tó gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀. Omi nìkan ni, ó ń hó, ó ti dé orúnkún òun náà.

Ó ju kámẹ́rà sórí yanrìn gbígbẹ, ó fẹ́ kó sómi, Ọdúnúgà gbá a mú. "O mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni? Ṣé kí n sunkún ẹni méjì ni?" Ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Oníṣawa ti sáré dé. Kò sí ẹja tó máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kò sí ọmọ tó máa sọ̀. Ó ju okùn, kò bà. Ó fà á padà, ó tún jù ú. Ọwọ́ kan yọ nínú ìfófòó, ó gbá pátákó náà mú. Àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rọ̀ mọ́ okùn, àwọn ọkùnrin méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn wọn, wọ́n fà á títí Tanímọ̀la fi dé orí ilẹ̀. Ó ń bi omi iyọ̀, ó sì ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá Oníṣawa yíjú sí Abẹ́gúndé. "Mo bi ọ́ pé ta ló ń ṣọ́ omi."

"Mò ń wò ó, Mà. Ojú mi ò kúrò lára ẹ̀."

"Ṣé ara ẹ̀ ni ohun tó fẹ́ pa á ti ń bọ̀ ni?"

Abẹ́gúndé mú Tanímọ̀la padà lọ bá ìyá rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló dín, kò sì fi ohun kan pa mọ́ fún obìnrin náà. Nígbà tó fọ fíìmù, òun nìyẹn: Tanímọ̀la ń rẹ́rìn-ín, omi dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ògiri ilé. Kò ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì lè gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e padà lọ sí Àgbọn Mẹ́ta, Ìyá Oníṣawa sì kàn án mọ́ òpó àgọ́ tí wọ́n ti ń yan ẹja.

Láti ìgbà náà, bí ó bá kan ìyàwó tuntun láti ṣọ́ ìgbì, ìdí òpó yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú un lọ. "Wò ó dáadáa. Ẹni tó ya èyí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ náà o." Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Àgbọn Mẹ́ta fi ń pa á lówe títí dòní pé ẹni tí yóò báni ṣọ́ òkun kì í wojú ẹni.