Àpótí Àwẹ̀ró, Obìnrin tó Dá Jókòótì Sílẹ̀

Ní ọdún tí ikọ́ àwúgbẹ wọ ìlú Ìpadò, ìbẹ̀rù pa ènìyàn ju ikọ́ lọ. Ẹni tó bá ti húkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, wọn yóò gbé e sọdá odò sínú ahéré, wọn yóò gbé ìkòkò omi àti ẹ̀kọ sẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sì sá. Òùngbẹ pa ọ̀pọ̀ nígbà tí omi wà níwájú wọn, nítorí kò sí ẹni tí yóò bù ú sí wọn lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Ọ̀ṣúnlékè lọ, ìyáálé Àwẹ̀ró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró, arọ̀-bí-òwú-le-bí-irin, di òwú àti aṣọ mímọ́, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ rù, ó di etídò. Baálẹ̀ Adégoróyè dúró sọ́nà.

“Àwẹ̀ró, padà! Ẹni tó bá sọdá kò ní bọ̀ mọ́.”

Ó kúnlẹ̀, àpótí ṣì wà lórí rẹ̀. “Baba, kí ẹ pẹ́. N kò mọ oògùn ikọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ, ìyáálé mi ló bu omi wẹ ẹsẹ̀ mi. Ẹnu rẹ̀ kò ní gbẹ nígbà tí mo ní ọwọ́. Bí n kò bá ní bọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀hún di ilé.” Ó dìde, ó wọ odò.

Ọ̀ṣúnlékè rí i, ó rẹ́rìn-ín tikọ́tikọ́. “Ìwọ ni wọ́n rí rán? Ìwọ tí ajá pàápàá ń sá fún ọbẹ̀ rẹ!”

“Èmi ni, ìyáálé mi. Ẹ yanu. Omi ni, kì í ṣe ọbẹ̀.”

Ó ń yí i láti ìhà kan sí èkejì kí ẹní má baà jẹ ẹ́ lára. Ó ń fi òwú tútù pa á létè. Ó ń lọ sí ahéré mẹ́fà yòókù bákan náà, ó ń bọ́ wọn, ó ń wẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Ọ̀ṣúnlékè fọwọ́ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́. “Jókòó tì mí.” Àwẹ̀ró sún àpótí mọ́ ẹní, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀mí fi bọ́. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn yòókù dìde, wọ́n ń rìn.

Kò pẹ́ tí àkọ́bí Baálẹ̀ húkọ́ ẹ̀jẹ̀. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n sọdá, àpótí lórí.

“Baba,” ni Àwẹ̀ró wí, “ẹni tó bá sọdá kò ní bọ̀ mọ́ o.”

Omi lé ròrò lójú Baálẹ̀. Ó ní, “Ọ̀hún ti di ilé.”

Bí wọ́n ṣe tẹ ìletò Jókòótì dó sí òdìkejì odò nìyẹn. Títí dòní, ọmọ Jókòótì kì í kí ẹni tó ń kú lórí ìdúró kí ó sì máa lọ. Àpótí ni yóò gbé dání, kí ó lè jókòó tì í. Àpótí Àwẹ̀ró ṣì wà ní agbo ilé àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àpótí náà ló gbó jù, ìhà tí Àwẹ̀ró máa ń tẹ̀ sí nígbà tí ó bá fara mọ́ ẹní aláìsàn.