Ẹ̀wà Ilé, Dòdò Ìta

Ẹni tó tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn: àpọ́n tí kò láya nílé, tó ní kí òrìṣà bun òun lọ́mọ.

Láníyọnu, káfíńtà kan ní Ìkirè, sanra gan-an, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún òun àti Wúràọlá, ìyàwó rẹ̀, pé búrẹ́dì funfun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rọ̀ máa ń yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n máa ń rọra ṣe é. Bí Láníyọnu bá ń jẹ èyí tó ń rọra di ṣúgà, ara rẹ̀ yóò fúyẹ́.

Ara Wúràọlá le, síbẹ̀ ó ń bá ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ̀wà, kó má baà dá ìyà náà jẹ. Òun ló wá tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ ń tóbi sí i, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì.

"Baálé mi, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Gbààwẹ̀ nítorí mi."

Wúràọlá gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ ààwẹ̀ náà gan-an, ó gbé ẹ̀wà ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá a lẹ́yìn pákó, tó ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sin dòdò aládùn lọ́fun. Wúràọlá gbé abọ́ kalẹ̀, ó padà sílé.

Kí ọdún tó yí po, ojú Láníyọnu fọ́. Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Wúrà, má dákẹ́ àdúrà o."

"Láníyọnu," ni obìnrin tí kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí dáhùn. "Ebi pa mí nítorí rẹ. Ṣé Ọlọ́run lò ń tàn ni, àbí èmi?"

Ó gbé abọ́ ẹ̀wà síwájú rẹ̀, ó sì fi ṣíbí sí i lọ́wọ́. Láníyọnu ń jẹun lọ, kò sì mọ̀ bóyá Wúràọlá ṣì wà nínú yàrá.